Kíláàsì Árábíìkì tí Ọláwùmí Ń Lọ

Òkòkòmáíkò, Ọ̀jọ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì, 1989.

Bọ́lájí ọmọ mi, Àlàó,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò tíì wọ inú eegun rẹ? Àwa náà ń bẹ níbí. Ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ètè mi tó bó ti jinná. Àlàájì Ìdírísù onílé wa kí ọ. Àwọn ará ìjọ kí ọ, wọ́n ní kí o má gbàgbé pé aláṣọ funfun ni ọ́ níbikíbi tí o bá wà. Àyọ̀kẹ́ ọmọ rẹ ti ń rá káàkiri ilé. Ó ti hu eyín mẹ́fà, ó sì ti fi wọ́n gé mi jẹ. Sùtánà tí mo bá ń rán lọ́wọ́, orí rẹ̀ ló máa ń fẹ́ jókòó sí. Ó jọ ọ́ títí dé orí ìgúnpá.

Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fi gbé bírò. N kò fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bọ́lájí, ìyàwó rẹ ń lọ síbì kan.

Láti inú oṣù kìíní ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ dé, kò ní jókòó. Yóò gba ọmọ lọ́wọ́ mi, yóò pọ̀n ọ́n, yóò ká ẹní kan sábẹ́ apá, yóò ní, "Màámi, mo ń bọ̀." Ó di bárékè Ọ̀jọ́ nìyẹn. Nígbà tó bá máa dé, òógùn á ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin, ọmọ á sì máa rùn fún páúdà tí kì í ṣe tiwa. Èmi kan náà tí mo gbé ọmọ yìí láti àárọ̀!

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan tó ń lọ ata lórí ọlọ. Mo ní, "Ọláwùmí, níbo lò ń gbé ọmọ mi lọ?" Ó ní, "Kíláàsì ni, Mà." Mo ní kíláàsì kí ni? Ó ní, "Árábíìkì." Mo ní ta ló ń kọ́ yín? Ó ní, "Àmínà ni orúkọ wọn, ìyàwó sójà ni wọ́n. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹni tó ń bá wa mú ọmọ níbẹ̀, Mà." Ló bá tún tẹ̀ mọ́ ata rẹ̀.

Árábíìkì! Kéú nìyẹn. Ìyàwó tí gbogbo ìjọ gbàdúrà lé lórí kí ó tó wọlé mi! N kò bá mùsùlùmí ṣọ̀tá o. Inú ilé Àlàájì ni mo ń gbé, ẹran iléyá wọn kò sì fò mí rí. Àmọ́ ẹni tó bá lè fi ìkọ̀kọ̀ pààrọ̀ ẹ̀sìn, ó lè fi ìkọ̀kọ̀ pààrọ̀ ọkọ. Bárékè sì rèé, ibùdó ọkùnrin ni.

Lábẹ́ ìró rẹ̀, ṣòkòtò ló máa ń wọ̀. Mo rí i lórí okùn tó sá a sí.

Ṣé ó sọ fún ọ nínú lẹ́tà? Bí ó bá sọ fún ọ, tí o sì fọwọ́ sí i, a jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń fi mí ṣẹ̀sín. Dá mi lóhùn kíákíá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Victoria Ṣàngódèyí.


London, S.E. 15.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta, 1989.

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ọmọ gbígbé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ìwé yìí. Lẹ́tà yín bá mi lọ́jọ́ Sátidé, orí ìdúró ni mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bọ́ kóòtù lọ́rùn. Ara mi le. Iṣẹ́ kún ọ́fíìsì wa, àwọn ọ̀gá mi sì mọyì mi.

Ọláwùmí kò sọ nǹkankan fún mi. Láti ọdún Kérésìmesì ni mo ti ń retí lẹ́tà rẹ̀, kò sí èyí tó dé. Mo ti ń tan ara mi pé iṣẹ́ ilé ìwé ló ń dí i lọ́wọ́. Mo wá mọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́ báyìí.

Màámi, n kò lè sùn dáadáa mọ́. Ta ni Àmínà yìí? Ṣé kò ní àbúrò lọ́kùnrin? Sójà mélòó ló ń kọjá níwájú kíláàsì yẹn? Àti ẹni tó ń mú ọmọ, ta ló mọ̀ ọ́n? Ọláwùmí kan náà ló sọ fún mi ní pápá ọkọ̀ òfurufú pé ọwọ́ yín nìkan ni òun lè fi ọmọ sí. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ máa ṣọ́ ọ. Ẹ fi ojú ara yín rí i kí ẹ tó kọ èsì. Èmi náà kò ní kọ ohunkóhun sí i títí n ó fi gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín.

Ọmọ yín,
Bọ́lájí.


Òkòkòmáíkò, Ọ̀jọ́.
Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, 1989.

Bọ́lájí, Àlàó ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ ọ́fíìsì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú hàn lọ́dọ̀ wa, ojú ọ̀nà Ìbà ti di ẹrẹ̀. Ara mi le, àyàfi ìbàdí tó máa ń ro mí bí mo bá ti gbé Àyọ̀kẹ́ pẹ́. Ọmọ náà ti wúwo bí odó.

O ní kí n fi ojú ara mi rí i. Ojú mi ti rí i.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, bó ṣe jáde báyìí, mo jẹ́ kó dé títì, mo wá tẹ̀lé e. Mo bọ́ sùtánà sílẹ̀, mo wé gèlè bo iwájú orí, mo mú agbọ̀n dání bí ẹni tó ń lọ ra ata ní Mámì Máákẹ́ẹ̀tì tó wà ní bárékè. Gbọ̀ngàn kan wà lẹ́yìn ọjà náà. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń ṣe bí ẹni tó ń tún okùn bàtà so.

Bọ́lájí, gbogbo wọn ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ, gbogbo wọn kọjú sí ibì kan ṣoṣo. Àmínà dúró níwájú, ó kẹ̀yìn sí wọn bíi lèmọ́mù. Rédíò kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀, torí kò síná. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lédè Gàm̀bàrí, wọ́n ń kà á tẹ̀lé e. Wọ́n dúró. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n fọwọ́ lé orúnkún. Wọ́n nàró. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́ síwájú, wọ́n forí kanlẹ̀. Ìyàwó rẹ wà ní ìlà kejì, orí tirẹ̀ náà kanlẹ̀. Kí ló tún kù?

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè. Apá ibẹ̀ yẹn kò yé mi. Mo dé ilé, mo fọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ Àlàájì pé ṣé wọ́n máa ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí wọ́n bá ń kírun. Ó ní, "Ìyá Bọ́lájí, ẹsẹ̀ kẹ̀? Nínú ìrun wo?" Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ń bo àwọn ẹlẹ́sìn tirẹ̀ láṣìírí ni. Mo mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù nìyí. Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ sí. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàdíátù jókòó sórí àpótí, ó ń fi páúdà pa àwọn ọmọ lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí itan rẹ̀ ni Àyọ̀kẹ́ wà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó máa ń rín sí mi gan-an ló ń rín sí obìnrin yẹn. Mo padà sílé, n kò lè rán aṣọ kankan lọ́jọ́ náà.

O ti gbọ́ tẹnu mi. Ìwọ lo ni ìyàwó, ìwọ lo ni ọmọ. Bí o bá dákẹ́, orúkọ mìíràn ni Àyọ̀kẹ́ máa fi dá ọ lóhùn nígbà tí o bá dé.

Ìyá rẹ,
Victoria.


London, S.E. 15.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹrin, 1989.

Màámi,

Ẹ kú ìrìn bárékè, ẹ kú ìdúró ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn lórí ohun tí ẹ ṣe fún mi yìí. Orí ibùsùn ni mo ti ka lẹ́tà yín, omijé sì bọ́ lójú mi.

Mo ti pinnu. Lẹ́tà kékeré kan wà nínú àpò ìwé yìí, ti Ọláwùmí ni. Ẹ fi lé e lọ́wọ́. N kò dárúkọ yín níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ bá a jiyàn. Bó bá sọ pé òun jáwọ́, kó dúró. Bó bá fẹ́ máa lọ, kó máa lọ sí ilé bàbá rẹ̀, Bàbá Adéníjì, ní Ìbà, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní bá a jáde nílé yẹn.

Bọ́lájí.


Ọláwùmí,

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí ò ń lọ ṣe ní bárékè. Ẹni tó fi ojú rí ọ ló sọ fún mi. Má wulẹ̀ ṣàlàyé, n kò fẹ́ gbọ́ ọ. Bí ibi tí ò ń lọ yẹn bá dùn mọ́ ọ ju ilé mi lọ, ilé bàbá rẹ ní Ìbà kò jìnnà. Gbé Àyọ̀kẹ́ fún Màámi kí o tó lọ.

Bọ́lájí.


Òkòkòmáíkò, Ọ̀jọ́.
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù karùn-ún, 1989.

Bọ́lájí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òjò ń rọ̀ nílé yìí, ilé sì dákẹ́.

Mo fún un ní lẹ́tà náà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó kà á. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé bó bá pariwo, n ó pariwo jù ú lọ. Kò pariwo. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, n kò dá a lóhùn. Ló bá wọ yàrá, ó kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì kan. Ó kúnlẹ̀, ó gbé Àyọ̀kẹ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó mu omi tútù o, àyà ń dùn ún." Ó sì lọ. Ó fi ẹní rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kejìlá nìyí. Ọmọ kọ ògì, ó kọ ẹ̀bà, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá pọ̀n ọ́n títí, ìbàdí mi á fẹ́ẹ̀ já, bí mo bá sì sọ ọ́ kalẹ̀, ẹkún ni. Mojí ọmọ Àlàájì ló ń bá mi gbé e díẹ̀díẹ̀. Màá ṣe é, ọmọ mi ni.

Àmínà wá síbí ní ọjọ́ Ẹtì. Òun fúnra rẹ̀! Obìnrin gíga ni, ó kí mi dáadáa. Ó ní òun kò rí Ọláwùmí fún ìgbà mẹ́ta, àyà òun ń já, dókítà ní kò gbọdọ̀ pa á jẹ. N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ ti rí i gbà tán, kí lẹ tún ń wá?" Mo ti ilẹ̀kùn. Dókítà wo ni yóò ní kí èèyàn máa kéú? Irọ́ wọn ti pọ̀ jù.

Bọ́lájí, ohun tí a fẹ́ la ṣe yìí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. N kò mọ ìdí rẹ̀. Kọ̀wé sí mi, jẹ́ kí n gbọ́ ohùn rẹ.

Ìyá rẹ.


London, S.E. 15.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà, 1989.

Màámi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi kò tíì pé ọdún méjì. N kò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Màámi. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mò ń ṣe. Ilé ńlá kan wà ní àdúgbò yìí tí ìjọba kọ́ kí àwọn ará ìlú lè máa ṣeré ìdárayá níbẹ̀. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀ rẹ̀, tí mò ń fọ ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí ni mo fi purọ́ fún yín. Ẹ foríjì mí.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń ṣe níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n ní kí n wá lọ́sàn-án dípò ẹnì kan tó ń ṣàìsàn. Mo gbé garawa dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo dúró. Àwọn obìnrin ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ. Obìnrin adúláwọ̀ kan dúró níwájú, ó ń kà, wọ́n ń kà á tẹ̀lé e. Wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n forí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, Màámi, wọ́n fi ẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ sókè.

Mo jókòó sórí garawa. Mo gbọ́ ẹkún ọmọdé nínú yàrá kejì. Mo wò ó, àwọn ọmọ wọn ló wà níbẹ̀, obìnrin àgbàlagbà kan ń mú wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo bi ẹni tó ń darí wọn pé kí ni wọ́n ń pe eléyìí. Ó pè é. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ẹróbíìkì, Màámi. Kì í ṣe Árábíìkì. Eré ìdárayá ni. Wọ́n ń nara ni, wọ́n ń fò sókè sódò kí ara wọn lè le. Kò sí kéú níbẹ̀, kò sí ìrun, kò sí ọkùnrin. Àlàájì mọ ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ̀yin náà tí ẹ kì í wọ bàtà nínú sùtánà, a kò wá sọ yín di lèmọ́mù!

A ti dá ẹjọ́ ẹni tí kò sí níwájú wa. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sí Ìbà. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. N kò lè kọ lẹ́tà sí i, n kò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ ná.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tíì yé mi. Kí ló dé tí kò kọ ìlà kan péré sí mi láti oṣù kìíní? Ká ló kọ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má débí. Mò ń rò ó, kò fẹ́ kúrò lọ́kàn mi pé ohun kan ṣì wà tó ń fi pamọ́.

Ọmọ yín,
Bọ́lájí.


London, S.E. 15.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 1989.

Màámi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko nìyí, n kò gbúròó yín. Ṣé lẹ́tà mi kò dé ni? Ṣé ẹ bínú nítorí iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni? Ẹ lọ sí Ìbà àbí ẹ kò lọ? Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ìdákẹ́ yín ń bà mí lẹ́rù.

Bọ́lájí.


Òkòkòmáíkò, Ọ̀jọ́.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù keje, 1989.

Bọ́lájí, ọmọ tí mo bí,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé, ó pẹ́ kí n tó lè kọ èsì. Ojú tì mí.

Ti ìgbálẹ̀ kò burú. Bàbá rẹ gbálẹ̀ fún Kàǹsù kí ó tó ní kẹ̀kẹ́. Iṣẹ́ ni. Irọ́ ni kò dára, ọjọ́ tí o bá dé lo máa jẹ́jọ́ rẹ̀ níwájú mi.

Mo lọ sí Ìbà. Mo pọn Àyọ̀kẹ́, mo mú ẹní yẹn dání. Bàbá Adéníjì ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kí n jókòó. Ó ní, "Ìyá Bọ́lájí, ọsibítù ni ẹ máa bá ọmọ mi." Ẹ̀jẹ̀ ríru, Bọ́lájí! Láti ìgbà tó ti bí Àyọ̀kẹ́ ló ti wà lára rẹ̀. Dókítà ló ní kó wá ibi tí yóò ti máa nara, kó din ọ̀rá kù, kó sì máa jìnnà sí ìrònú. Àwa wá gba ìnara yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé ìrònú lé e lórí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Apá òsì rẹ̀ kọ́kọ́ kú, ó ti ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ó ti padà sílé bàbá rẹ̀ báyìí, ó ń di ògiri mú rìn.

Ọjọ́ tó dé sílé bàbá rẹ̀ ni mo tún pọn Àyọ̀kẹ́ lọ bá a. Nígbà tí ọmọ rí i, ó fò kúrò lẹ́yìn mi. N kò gbà á padà. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo sì ń lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ kejì-kejì.

Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi Victoria. Ó ní kí n dìde, pé òun kò bínú sí mi. Ó ní ìwọ ni ọ̀rọ̀ rẹ dun òun. Ó ní, "Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí wọn, Mà. Àìsàn mi, kíláàsì mi, gbogbo ẹ̀. Wọn kò dá mi lóhùn. Ìgbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n máa lọ." Bọ́lájí, ó rò pé o mọ̀ pé òun ń ṣàìsàn kí o tó lé òun.

Ìbéèrè tó bi mí lọ́jọ́ tó ń lọ, tí n kò dá a lóhùn, èyí náà ni: "Màámi, ṣé ẹ fi àwọn lẹ́tà mi ránṣẹ́?"

N kò fi wọ́n ránṣẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n. Èmi ló máa ń fún, torí èmi ni mò ń lọ ra òwú ní Àjàngbádì, mo sì máa ń ya pósọ́fíìsì. Èyí àkọ́kọ́, mo mú un dé ẹnu ọ̀nà pósọ́fíìsì, mo wò ó, ó nípọn. Mo ní kí ló tó èyí tó ń sọ fún ọmọ mi? Ẹ̀rù bà mí pé ó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá mú òun àti ọmọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó wá ṣẹ́ ku èmi nìkan nínú yàrá méjì yìí. Mo fi í sábẹ́ àwọn sùtánà tí mo ń rán. Mo ní n ó fi ránṣẹ́ bó bá dọ̀la. Ọ̀la ń di ọ̀la, òmíràn ń dé. Nígbà tí mo bi ọ́ pé ṣé ó sọ fún ọ nínú lẹ́tà, mo ń díbọ́n ni. Nígbà tí o wá ní kò kọ̀wé sí ọ, ó ti pẹ́ jù fún mi láti sọ̀rọ̀.

N kò tú wọn. Mo búra fún ọ, n kò tú ọ̀kankan. Bó ṣe lẹ̀ wọ́n náà ni wọ́n wà nínú àpò ńlá yìí. Èyí tó kọ́kọ́ kọ ló wà lókè.

Bí o bá fẹ́, má pè mí ní ìyá mọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí ìyàwó rẹ. Má tún rán mi. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi kọ ọ́, ẹsẹ̀ ara rẹ ni kí o fi gbé e lọ sí pósọ́fíìsì. Ó ní òun kò ní padà sílé yìí láìjẹ́ pé òun rí i.

Victoria.


Òkòkòmáíkò, Ọ̀jọ́.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kìíní, 1989.

Bàbá Àyọ̀kẹ́, olówó orí mi,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú ọdún tuntun. Ṣé ẹ ń jẹun dáadáa, àbí búrẹ́dì ni ẹ fi ń gbé ikùn yín jókòó? Àyọ̀kẹ́ ní kí n kí yín. Kò tíì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó fẹ́ sọ.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àyà yín já sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ga láti ìgbà tí mo bímọ. Ó ní òògùn nìkan kò tó, kí n máa nara. Ẹ mọ̀ mí, èmi tí mi ò lè sáré lé ewúrẹ́! Àmọ́ Ọlọ́run ṣe é, Ìyá Sàdíátù tó ń ta bisikíìtì níwájú ilé ìwé wa sọ fún mi pé ìyàwó sójà kan ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní eré ìdárayá nínú gbọ̀ngàn kan ní bárékè. Ìyá Sàdíátù fúnra wọn ló ń bá wọn mú ọmọ níbẹ̀. Ẹróbíìkì ni orúkọ eré náà. Àmínà ní àwọn òyìnbó ló ni ín, bóyá ẹ ti rí i lọ́dọ̀ yín. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ẹ̀ kú. Bí a bá gbé ẹsẹ̀ sókè báyìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí, àwọn tó kù á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí kò bá síná, Àmínà á máa fi èdè Haúsá kà fún wa dípò orin. Mo ti mọ̀ ọ́n kà dé ogún.

Mo máa ń gbé Àyọ̀kẹ́ dání. Ẹ má bínú sí èyí. Mo lè fi í sílẹ̀ fún Màámi, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e kí n tó ti ilé ìwé dé, mo sì ń rí bí wọ́n ṣe ń di ìbàdí mú bí wọ́n bá rò pé mi ò wò wọ́n. Wákàtí méjì tí a bá fi jáde yẹn, kí wọ́n fi sinmi díẹ̀ ni. Bí mo bá sọ ọ́ fún wọn báyẹn, wọn kò ní gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ má mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yìí rárá. Wọ́n ti sọ fún mi pé òun ló pa ẹ̀gbọ́n wọn, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí lójú lóru kí wọ́n máa ronú. Bí wọ́n bá bi mí, màá kàn ní mò ń lọ sí kíláàsì ni. Àwọn ló máa bá mi mú lẹ́tà yìí lọ sí pósọ́fíìsì lọ́la. Ìyá gidi ni ẹ fi mí sílẹ̀ fún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Ojoojúmọ́ ni mo máa máa wọ̀nà.

Ìyàwó yín,
Ọláwùmí.